Owó ojú ọjọ́ tí wọ́n ń kó wọlé kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà tí owó kòrónà gbà lọ

Ẹni tó bá gba inú ọjà èyíkéyìí kọjá nílẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Onígbàjámọ̀ ní tiẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, télọ̀ ní tiẹ̀, ìyá ẹlẹ́ja tó ń lo fírísà ní tiẹ̀, ọmọkùnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì náà gbé tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Èyí tó kéré jù nínú wọn làwọn èèyàn sọ ní "I better pass my neighbour". Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti tán lẹ́nu àwọn tó ni ín látọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà tí lítà bẹntiróòlù kan fi kúrò ní nǹkan bí 190 náírà, tó sì lé ní 600. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà níbi púpọ̀.

Láàárín àsìkò kan náà yìí, ìròyìn owó ńlá ńlá kò yéé jáde. Owó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kojú àyípadà ojú ọjọ́ ni. Lọ́dún 2009 ní Copenhagen, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣèlérí pé tó bá fi máa di ọdún 2020, àwọn yóò máa kó 100 bílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ lọ́dọọdún fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ. Ọdún 2020 dé lóòótọ́, àrùn kòrónà ló bá a dé. Oníkálukú sáré lọ gbọ́ ti ilé rẹ̀, wọ́n ń ra abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń gbọ́ bùkátà àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó jókòó sílé. Ọdún 2022 ni owó náà tó pé iye tí wọ́n dá, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn olówó náà fúnra wọn. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2024, wọ́n tún jókòó ní ìlú Baku, wọ́n ní tó bá di ọdún 2035, yóò di 300 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún.

Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn nínú ìlérí. Oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ ní Glasgow pé tó bá di ọdún 2060, èéfín tí orílẹ̀-èdè yìí ń tú sójú ọ̀run kò ní í ju èyí tó lè mú kúrò lọ. Inú oṣù yẹn náà ló fọwọ́ sí òfin àyípadà ojú ọjọ́, òfin náà sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀hún. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ọdún 2022, ìjọba gbé ìwé ètò jáde pé ohun tí gbogbo rẹ̀ máa ná wọn títí di ọdún 2060 yóò tó 1.9 tirílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó ń ta ata ní ọjà Mushin kò lè mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú owó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń jókòó sípàdé yìí kì í sọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá owó sí, àwọn oníṣòwò kéékèèké ti ń fi owó ara wọn ṣe é. Àjọ kan tó ń jẹ́ Ember, tó máa ń ṣírò ọ̀rọ̀ iná mànàmáná káàkiri àgbáyé, sọ pé láàárín ọdún kan tó parí sí oṣù kẹfà, ọdún 2025, páànẹ́ẹ̀lì sólà tó wọ Nàìjíríà láti ilẹ̀ Ṣáínà lé ní 1,700 mẹ́gáwọ́ọ̀tì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé sórí òrùlé, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì wà lára àwọn tó rà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo òkè ṣọ́ọ̀bù kiri yóò rí i pé kì í ṣe ọlọ́lá nìkan ló ń rà á mọ́. Kì í sì í ṣe nítorí ojú ọjọ́ ni wọ́n ṣe ń rà á. Epo tó gbówó lórí ló lé wọn débẹ̀, àti iná ìjọba náà, èyí tó jẹ́ pé ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, àwọn tó wà ní Band A kúrò ní nǹkan bí 68 náírà lórí yúníìtì kan, tí wọ́n fò sí 225.

Èyí ni pé àwọn tó ń sanwó fún àtúnṣe ojú ọjọ́ nílẹ̀ yìí báyìí ni ìyá ẹlẹ́ja àti onígbàjámọ̀. Owó àjọ ni wọ́n fi ń san án, tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, tàbí owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn tí kì í fojú rere gba gbèsè. Bí owó tó ń ti òkè òkun bọ̀ bá fẹ́ wúlò, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ló yẹ kó kọ́kọ́ yà sí.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, ó yẹ kí wọ́n bojú wẹ̀yìn wo bí wọ́n ṣe pín owó kòrónà. Òpin oṣù kẹta, ọdún 2020, ni wọ́n kéde pé àwọn máa ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ kéde 50 bílíọ̀nù náírà, pé káwọn ìdílé àti àwọn okòwò kéékèèké wá yá a, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún báńkì NIRSAL. Wọ́n fi kún owó náà nígbà tó yá. Èlé rẹ̀ dára, náírà 5 lórí 100 lọ́dún ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé, wọ́n ní yóò di 9 tó bá yá. Okòwò tó bá tóbi díẹ̀ lè yá tó 25 mílíọ̀nù náírà. Lójú ìwé, kò sóhun tó burú nínú rẹ̀.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni ẹnu ọ̀nà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù wà. Ẹni tó fẹ́ yá a gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé kòrónà ṣe okòwò òun léṣe. Irú ẹ̀rí wo ni obìnrin tó ń se ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé máa mú wá? Wọ́n ti ilé ìwé pa, kò rí ẹni bá tà, owó tó fi ń ra ìrẹsì ti wọnú ikùn àwọn ọmọ rẹ̀. Orí ló ń kọ ìṣirò rẹ̀ sí, kò ní ìwé òǹkà, àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì sì lè jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ẹni tó mọ̀wé, tó ní kọ̀ǹpútà, tó lè rí ẹni tó máa bá a kọ ètò okòwò tó dùn ún kà, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kankan.

Ẹ̀bi kò wá sí lọ́dọ̀ ìjọba nìkan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rí owó náà gbà ló gbà pé ìpín tàwọn nínú owó ìlú ló dé, pé kò sẹ́ni tó máa bi àwọn. Wọ́n fi tún ilé ṣe, wọ́n fi ṣe ìnáwó, nígbà tí àsìkò àtisan án tó, ariwo gba ìgboro kan. Àwọn tó lo tiwọn dáadáa wà, àwọn tó fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí tó fi gbé ọjà wọn dìde padà, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ̀rọ̀ wọn? Ní ìparí ọdún 2023, ọ̀gá àgbà Báńkì Àpapọ̀ tuntun, Olayemi Cardoso, sọ pé báńkì náà yóò yọwọ́ nínú pípín irú owó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Fèrèsé yẹn ti padé.

Owó tuntun tó tún ń bọ̀ gba ọ̀nà mìíràn, ó sì yẹ kí oníṣòwò mọ bó ṣe ń rìn. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún Nàìjíríà lábẹ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní DARES, láti fi fún èèyàn 17.5 mílíọ̀nù ní iná sólà tuntun tàbí èyí tó sàn ju èyí tí wọ́n ń lò lọ. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn, àwọn tó ń san owó orí nílẹ̀ yìí náà ni yóò san án padà. Ètò kan ti wà ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2018, 350 mílíọ̀nù dọ́là, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti yọ èyí tí wọ́n fi gbé sólà lọ sáwọn ibùdó ìtọ́jú àwọn alárùn kòrónà, títí kan ìpínlẹ̀ Ògùn. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe níbẹ̀ yẹn, nítorí pé kò sí bí èèyàn ṣe máa fi jẹnẹrétọ̀ tó ń kú, tó ń jí, tọ́jú ẹni tí kò lè mí dáadáa.

Bí DARES ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ilé iṣẹ́ tó ń ta sólà ni wọ́n ń fún lówó, wọn kì í fún ẹni tó fẹ́ lò ó. Ilé iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ gbé sólà náà fún oníbàárà, wọ́n á wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ló ń tan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó san apá kan nínú owó rẹ̀ fún un. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní í gbowó, wọn kò sì ní í máa wá ẹni tó gbé owó sá lọ kiri. Àmọ́ níbo ni ilé iṣẹ́ náà ti máa rí owó tó kọ́kọ́ máa fi ra ọjà? Báńkì ni. Báńkì Àpapọ̀ ti gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5 lórí 100 ní oṣù kọkànlá, ọdún 2024, ẹni tó bá sì lọ yáwó lọ́wọ́ àwọn báńkì tó ń yá òun náà ní láti fi kún un. Orí ta ni èlé yẹn máa bọ́ sí bí kò ṣe orí ẹni tó ń fi díẹ̀díẹ̀ sanwó?

Èlé yìí gan-an ni kókó. Onígbàjámọ̀ kan tó ń jó bẹntiróòlù lítà mẹ́ta lójúmọ́, tí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, 78,000 náírà ló ń dà sínú jẹnẹrétọ̀ lóṣooṣù, láìka ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó mọkáníìkì. Tí wọ́n bá ní sólà tó lè gbé ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀, fáànù àti gílóòbù jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, kò ní i lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ yá a. Tó bá yá a fún ọdún kan lọ́wọ́ ẹni tó ń gba náírà 3 lórí 100 lóṣooṣù lórí gbogbo owó náà, ohun tó máa san lóṣù kan lé ní 113,000 náírà. Ó ju owó epo tó ń sá fún lọ. Yóò wo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, yóò sì máa bá a lọ, kì í ṣe pé kò mọ ohun tó dára.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá yá ọkùnrin yìí ní mílíọ̀nù kan kan náà fún ọdún méjì, ní èlé náírà 9 lórí 100 lọ́dún, irú èyí tí wọ́n gbé lé owó kòrónà. Ohun tó máa san lóṣù kò ní í ju 49,200 náírà lọ. Nínú 78,000 tó ń dà sínú epo tẹ́lẹ̀, yóò san gbèsè rẹ̀, yóò sì tún ṣẹ́ 28,800 kù lóṣù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọdún méjì bá pé, sólà ti di tirẹ̀. Sólà kan náà ni, ọkùnrin kan náà ni, èlé àti iye oṣù ló yàtọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ìpàdé ìlanilọ́yẹ̀ ni oníṣòwò ń fẹ́ kí wọ́n fi owó ojú ọjọ́ ṣe fún òun, níbi tí wọ́n á ti fún un ní fìlà àti mítípáì, tí wọ́n á tún ya fọ́tò rẹ̀. Kí wọ́n fi owó náà bá a gbé apá kan nínú èlé ni. Owó tí wọ́n máa yá a kò pọn dandan kó ti òkè òkun wá, ó wà nílé. Oṣù kejìlá, ọdún 2017, ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ta gíríìnì bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé ẹ̀yáwó tí ìjọba ń tà láti fi rí owó ṣe iṣẹ́ tó jẹ mọ́ àyíká, 10.69 bílíọ̀nù náírà ló rí. Ó ta òmíràn lọ́dún 2019, 15 bílíọ̀nù. Nígbà tó tún ta ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà, ọdún 2025, 50 bílíọ̀nù ló ń wá, ṣùgbọ́n owó tí àwọn èèyàn gbé wá lé ní 91 bílíọ̀nù. Èlé tí ìjọba máa san fún wọn sì jẹ́ náírà 18.95 lórí 100.

Èyí tó kù ni ọ̀nà tí owó náà máa gbà dé ọjà, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n àtijọ́ wúlò. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí báńkì tó dé ọ̀pọ̀ àdúgbò. Obìnrin tí kò ní ìwé òǹkà tó máa fi han báńkì, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní in fún un: iye tó ń dá lọ́sẹ̀, ọdún tó ti ń dá a, ẹ̀yáwó tó ti gbà rí àti bó ṣe san án. Àwọn tó bá dúró fún un mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ìyá ọkọ rẹ̀. Owó ìjọba ṣòroó sin lọ́wọ́ aráàlú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ gbèsè alájẹṣẹ́kù, ojú ló ń tì í láti gba ìta ọjà kọjá. Kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wọ̀nyí yá àwọn èèyàn lówó, kí ó má sì jẹ́ owó lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ni kó sanwó sólà náà fún ẹni tó tà á, kí wọ́n wá gbé ọjà náà síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn kan yóò sọ pé jìbìtì wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà, òótọ́ ni. Akápò tó kó owó ẹgbẹ́ lọ kì í ṣe ìtàn tuntun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, tí wọ́n sì ń yẹ ìwé rẹ̀ wò lọ́dọọdún, ló yẹ kí wọ́n bá ṣe é. Ẹgbẹ́ tí kò bá jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí ìwé owó, kí wọ́n fò ó.

Ọ̀rọ̀ bátìrì náà tún wà, kò sì yẹ kí wọ́n fi ṣeré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra bátìrì aláàákù tí wọ́n kùn lọ́dà tuntun, tí kò lo oṣù mẹ́jọ kó tó kú. Tí bátìrì bá kú lóṣù kẹjọ, tí ẹ̀yáwó ṣì ku oṣù mẹ́rìndínlógún, gbèsè méjì ni oníṣòwò jẹ yẹn, nítorí pé yóò tún padà sídìí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá máa ta sólà sábẹ́ irú ètò yìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé bátìrì òun yóò pẹ́ ju ẹ̀yáwó náà lọ, tí kò bá sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òun ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀nà tí DARES fi ń sanwó lẹ́yìn iṣẹ́ ti máa wúlò gan-an, kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó olùtajà títí ẹ̀yáwó yóò fi parí.

Ó yẹ kí ìjọba yára, nítorí ohun mìíràn tún wà lọ́nà. Nínú òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà, ọdún 2025, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn yóò máa gba náírà 5 lórí 100 lé owó epo bíi bẹntiróòlù àti dísù. Wọ́n yọ gáàsì ìdáná àti kẹrosíìnì inú ilé sílẹ̀, wọ́n sì ní kò ní í bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí mínísítà ètò ìnáwó bá pàṣẹ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, lítà mẹ́ta onígbàjámọ̀ yẹn náà yóò tún gbówó lórí sí i. Gbígbé owó lé epo kí èèyàn lè fi í sílẹ̀ kò burú, tí ohun tí wọ́n máa gbà dípò rẹ̀ bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Tí kò bá sí, ìyà lásán ni.

Ìkún omi náà kò gbọdọ̀ di ohun ìgbàgbé. Nígbà tí omi ya wọ Ìbàdàn lóṣù kẹjọ, ọdún 2011, èèyàn tó kú lé ní 100, ọjà tó sì bá omi lọ kò lóǹkà. Ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi tún ojú àgbàrá àti afárá ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ ni, ṣùgbọ́n afárá kò dá ọjà ẹnikẹ́ni padà. Lọ́dún 2022, omi tún pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà. Ìbánigbófò tó máa gba oníṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́jọ́ irú rẹ̀ ṣì ṣọ̀wọ́n lọ́jà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n dá jókòó lé lórí ni.

Ẹni tó bá rò pé owó tí wọ́n máa fi bá oníṣòwò gbé èlé yóò pọ̀ jù, kó padà lọ wo bọ́ǹdì ọdún 2025 yẹn. Nínú owó tó lé ní 91 bílíọ̀nù tí àwọn èèyàn gbé wá, nǹkan bí 47 bílíọ̀nù ni ìjọba gbà. Nǹkan bí 44 bílíọ̀nù ló kù tí kò gbà. Tí wọ́n bá yá ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù kan, ìyẹn tó fún ṣọ́ọ̀bù 44,000. Láti mú èlé náà kúrò ní nǹkan bí 19 wá sí 9, ẹnìkan gbọ́dọ̀ san náírà 10 tó wà láàárín rẹ̀, 4.4 bílíọ̀nù náírà sì ni ìyẹn lọ́dún. Owó iṣẹ́ àti ti àwọn tí kò ní í san kò sí nínú ìṣirò yìí. Tí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, 4.4 bílíọ̀nù náírà kò tó 3 mílíọ̀nù dọ́là, bẹ́ẹ̀ 750 mílíọ̀nù dọ́là ni Nàìjíríà yá lórí DARES nìkan.